Ayàwòrán àti Igbó: Ohun tí Igbó Ọ̀ṣun fi Kọ́ Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ojú kan kì í dá igbó wò. Bí ọdẹ bá wọ inú igbó, ipa ẹsẹ̀ ẹran ni ojú rẹ̀ ń wá. Bí oníṣègùn bá wọ̀ ọ́, ewé, egbò àti èèpo igi ni ó ń ṣà. Agégẹdú a máa fi ojú wọn ìrókò àti ọ̀mọ̀ láti ìdí dé orí. Àgbẹ̀ a sì máa wo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ gbogbo wọn. Olúkúlùkù ni ó mọ ohun tí ó wá, olúkúlùkù ni ó sì ń mú nǹkan jáde nígbà tí ó bá ń lọ sílé. Ayàwòrán ni ó dé gbẹ̀yìn nínú wọn. Ohun tí òun ń wá kò ṣeé dì sínú agbọ̀n: bí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ́ gba àárín ewé kọjá, bí ìtàkùn ti ń lọ́ mọ́ igi, bí òkùnkùn inú igbó kò ti jẹ́ òkùnkùn kan ṣoṣo. Nítorí pé kò gé igi, tí kò sì já ewé, àwọn ènìyàn a máa rò pé kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ igbó. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ó gba ohun púpọ̀, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Irú ohun tí igbó ń fún ayàwòrán, àti bí a ti ń san gbèsè náà, ni Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fi hàn ju ibikíbi lọ ní ilẹ̀ Yorùbá.

ÀWÒRÁN IGBÓ KÒ PẸ́ NÍ ILẸ̀ WA

Iṣẹ́ ọnà ti pẹ́ láàrin àwọn Yorùbá. Wọ́n gbẹ́ igi, wọ́n rọ idẹ, wọ́n mọ amọ̀, wọ́n fín igbá, wọ́n sì kun ara ògiri ojúbọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n ènìyàn, ẹranko àti òrìṣà ni ó gba iwájú nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Igi ni a fi ń gbẹ́ ère. A kì í gbẹ́ ère igi. Igbó jẹ́ ibi tí ohun èlò ti ń wá. Kì í ṣe ohun tí a ń gbé ka iwájú láti yà.

Aina Ọnabolu, ẹni tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882 tí ó sì kú ní ọdún 1963, ni aṣáájú àwọn tí ó fi ọ̀dà òróró yàwòrán ní ọ̀nà ti Yúróòpù ní ilẹ̀ wa. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ní London àti ní Paris, ó padà wálé ní ọdún 1922, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó bí a ti ń yàwòrán. Àwòrán ojú ènìyàn ni òkìkí rẹ̀ fi kàn. Ohun pàtàkì kan tí ó tẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ náà létí ni òfin jíjìnnà àti sísúnmọ́: ohun tí ó wà nítòsí a tóbi, ohun tí ó jìnnà a kéré, àwọn ìlà ọ̀nà a sì máa sún mọ́ ara wọn títí wọn yóò fi pàdé níbi tí ilẹ̀ àti ọ̀run gbé pàdé.

Òfin yìí dára fún òpópónà, fún ọ̀dàn àti fún etí òkun. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá gbé e wọ inú igbó, wàhálà dé. Nínú igbó kìjikìji kò sí ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Ojú kì í rí ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ kí ewé tó dí i. Igi ńlá àti igi kékeré, ìtàkùn àti ewé, gbogbo wọn ni ó dà bí ẹni pé wọ́n dúró lórí ara kan náà, wọ́n ń bo ara wọn mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń yọjú láti ẹ̀yìn ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya igbó gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n mìíràn. Ọgbọ́n náà ni àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo rí.

ÀPẸẸRẸ KAN LÁTI ILẸ̀ FARANSÉ

Kí a tó dé Òṣogbo, ó yẹ kí a mọ̀ pé kì í ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni igbó àti ayàwòrán ti bá ara wọn dá májẹ̀mú. Igbó ńlá kan wà ní Fontainebleau, tí kò jìnnà sí Paris. Láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé ní Barbizon, abúlé kan tí ó wà létí igbó náà. Olórí wọn ni Théodore Rousseau, ẹni tí ó gbé ayé láti ọdún 1812 sí 1867. Nígbà tí ó rí i pé ìjọba ń gé àwọn igi óòkù àtayébáyé tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yà, ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba Napoleon Kẹta. Ní ọdún 1853 a ya hẹ́kítà 624 sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn agégi. Ní ọdún 1861 àṣẹ ọba sọ ọ́ di hẹ́kítà 1,097. Èyí ṣáájú ọdún 1872 tí Amẹ́ríkà dá ọgbà ìjọba sílẹ̀ ní Yellowstone. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ẹnu igbó sọ̀rọ̀ ní ibẹ̀ kì í ṣe amòfin tàbí onímọ̀ nípa ewéko. Ayàwòrán ni wọ́n.

IGBÓ Ọ̀ṢUN

Ìtàn tí a ń sọ ní Òṣogbo ni pé Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ni ó kó àwọn ènìyàn wọn wá omi nígbà ọ̀dá, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó láti dáko, igi kan wó sínú odò. Ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ àwọn ìkòkò aró òun. Wọ́n bẹ̀rù, wọ́n bẹ Ọ̀ṣun, wọ́n sì bá a dá májẹ̀mú pé àwọn yóò kó kúrò létí odò, àwọn yóò fi igbó náà sílẹ̀ fún un, òun yóò sì máa dáàbò bò wọ́n. Ìrántí májẹ̀mú yìí ni ọdún Ọ̀ṣun tí a ń ṣe ní oṣù kẹjọ ọdọọdún.

Kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ìtàn yìí dáadáa. Igi gígé ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìkòkò aró ni ohun tí ó fọ́. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìlú náà ni igbó àti àwọ̀ ti so pọ̀. Ewé ẹ̀lú, tí í ṣe ìtàkùn igbó, ni a ń gún tí a ń sá gbẹ kí a tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú láti pa aṣọ láró. Kì í ṣe lásán ni a ń pe Òṣogbo ní ìlú aró.

Igbó náà tóbi tó hẹ́kítà 75. Odò gba àárín rẹ̀ kọjá, ojúbọ tí ó tó ogójì ni ó wà nínú rẹ̀, oríṣi ewéko tí ó wà níbẹ̀ sì lé ní 400, èyí tí nǹkan bí ìdajì wọn jẹ́ ewé oògùn. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1950, májẹ̀mú àtijọ́ ti ń já. Òrìṣà kò ní ọmọlẹ́yìn púpọ̀ mọ́, àwọn àwòrò ń fi ojúbọ sílẹ̀, ikán ń jẹ ère igi, àwọn olè sì ń kó àwọn tí ó kù lọ tà. A ti gbin igi tíìkì sí apá kan ibẹ̀ láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn ń pẹja níbi tí a kò gbọdọ̀ pẹja, wọ́n ń dọdẹ níbi tí a kò gbọdọ̀ dọdẹ, àwọn tí ń ta ilẹ̀ sì ti ń wò ó pé ilẹ̀ tí ó dára fún ilé kíkọ́ ni.

ÀDÙNNÍ OLÓRÌṢÀ

Àwọn Yorùbá a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Susanne Wenger jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àlejò díẹ̀ tí òwe yìí kò bá mu. Ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ni a bí i ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1915. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Graz àti ní Vienna. Ní Paris ni ó ti bá Ulli Beier pàdé ní ọdún 1949, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì jọ wá sí Nàìjíríà nígbà tí Beier rí iṣẹ́ olùkọ́ ní University College, Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí ó dé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi gbé e dálẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, wọ́n kó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ẹdẹ. Níbẹ̀ ni ó ti di ọmọ lọ́dọ̀ Ajagẹmọ, olórí àwọn ọlọ́bàtálá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tí ì gbọ́ èdè ara wọn dáadáa. Láti Ẹdẹ wọ́n lọ sí Ìlobùú, láti Ìlobùú wọ́n dé Òṣogbo. Beier ṣí kúrò lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àdùnní kò kúrò. Òṣogbo ni ó wà títí ó fi kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2009.

Ayàwòrán ni kí ó tó di ohunkóhun mìíràn, ọ̀nà tí igbó gbà yí iṣẹ́ rẹ̀ padà sì yẹ ní kíkọ́. Ọ̀dà òróró ni ó kọ́ nílé. Ní ilẹ̀ Yorùbá ó kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, iṣẹ́ àwọn ìyá wa. Ẹni tí ń ṣe àdìrẹ yìí a máa fi ìyẹ́ adìẹ tọ́ ẹ̀kọ láfún sí ara aṣọ funfun. Bí a bá ti rẹ aṣọ náà sínú aró, tí a sì ha ẹ̀kọ kúrò, ibi tí ẹ̀kọ bò a wà ní funfun, ìyókù a sì di dúdú. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ayàwòrán Yúróòpù a máa fi ọ̀dà kun ohun tí ó rí, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji papọ̀. Aláàdìrẹ kì í kun òkùnkùn rárá: ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń yà, aró ni yóò bá a ṣe òkùnkùn náà. Bẹ́ẹ̀ ni inú igbó rí gan-an. Òkùnkùn ni ó gba gbogbo rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a sì wọlé ní ẹ̀kán ẹ̀kán láti àárín ewé. Iṣẹ́ tí a ti ń fi ewé igbó ṣe láti ayébáyé ni ó wá bá igbó mu jù lọ. Lẹ́yìn èyí Àdùnní tún lo ìda dípò ẹ̀kọ, ó sì ya ìtàn àwọn òrìṣà sí ara aṣọ ńláńlá, níbi tí ènìyàn, ẹyẹ àti ewé ti lọ́ mọ́ ara wọn bí ìtàkùn.

IGBÓ DI ARA IṢẸ́ NÁÀ

Nígbà tí àwọn olórìṣà Òṣogbo àti Àtáọ́ja Samuel Adénlé, ọba tí ó wà lórí oyè láti ọdún 1944 sí 1976, gbà á láyè láti tún àwọn ojúbọ ṣe, Àdùnní kò gbé aṣọ ìyàwòrán kalẹ̀ kí ó máa ya igi sí i. Inú igbó fúnra rẹ̀ ni ó wọ̀ lọ pẹ̀lú amọ̀, irin àti sìmẹ́ńtì. Àwọn tí ó bá a ṣe é jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan: Adébísí Àkànjí tí í ṣe bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tí ń gbẹ́ òkúta, Kàsálí Àkàngbé tí ń gbẹ́ igi, Saka Àrẹ̀mú àti àwọn mìíràn. Wọ́n kọ́ Ìlédì Oǹtótóo, tí òrùlé rẹ̀ dà bí ẹran ńlá tí ó fẹ́ fò kúrò nílẹ̀. Wọ́n mọ Ìyá Mọòpó, alábòójútó iṣẹ́ obìnrin, aró pípa àti ìkòkò mímọ pẹ̀lú, tí ó na apá gbọọrọ sáàrin àwọn igi. Bí ènìyàn bá wo iṣẹ́ wọ̀nyí láti òkèèrè, ó ṣòro láti mọ ibi tí ẹ̀ka igi parí sí àti ibi tí apá ère ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀ sórí wọn, ewédò ń hù sí wọn lára, òjìji ewé sì ń yí wọn lójú padà láti àárọ̀ di alẹ́. Kì í ṣe àwòrán igbó mọ́. Igbó gan-an ti di ara àwòrán.

Títóbi tí ère wọ̀nyí tóbi kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Ère igi kékeré ṣeé gbé sá. Ère sìmẹ́ńtì tí ó ga ju ilé lọ kò ṣeé gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ́ wọlé gé igi tàbí wọn ilẹ̀ yóò rí i pé ojú ń wo òun. Ère náà di olùṣọ́ fún igi, igi sì di ilé fún ère. Ní ọdún 1965 ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992 ààbò náà gbòòrò dé gbogbo hẹ́kítà 75. Ní ọdún 2005 sì ni àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Àríyànjiyàn kò ṣàì wà. Àwọn kan wí pé kò yẹ kí òyìnbó fi èrò tirẹ̀ mọ òrìṣà Yorùbá, pé àwọn ère náà kò jọ èyí tí àwọn baba wa gbẹ́. Òtítọ́ ni pé wọn kò jọ ọ́, kò sì yẹ kí a fi ìyẹn ṣeré. Ṣùgbọ́n kí a béèrè ohun tí ìbá wà níbẹ̀ lónìí bí wọn kò bá ṣe é. Ilé ni ìbá kún ibẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ àwọn ọmọ Òṣogbo ni ó mọ èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, àwọn olórìṣà ìlú ni wọ́n sì fi àṣẹ sí i. Kò sí ẹni tí ó lè dá ṣe é.

ÀWỌN TÍ IGBÓ FI Ẹ̀KA RẸ̀ KÀN

Ní àkókò kan náà ni ẹgbẹ́ ayàwòrán mìíràn hù ní Òṣogbo. Dúró Ládiípọ̀ dá Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1962, àwọn ọ̀dọ́ sì kọ́ àwòrán yíyà níbẹ̀ lọ́dọ̀ Denis Williams, àti lẹ́yìn náà lọ́dọ̀ Georgina Beier ní ọdún 1964. Nínú wọn ni Jacob Afọlábí, Rufus Ògúndélé, Muraina Oyèlámì, Jimoh Bùráímọ̀, Adébísí Fábùnmi àti Táíwò Ọláníyì tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven.

Twins Seven-Seven, tí a bí ní ọdún 1944 tí ó sì kú ní ọdún 2011, jẹ́ oníjó tí ń bá àwọn olóògùn kiri kí ó tó dé Òṣogbo. Igbó inú àwòrán rẹ̀ ni igbó tí àwọn Yorùbá mọ̀ nínú ìtàn, irú èyí tí D. O. Fágúnwà fi ṣe ilé fún àwọn irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938, tí Amos Tutùọlá sì rìn láàrin àwọn iwin rẹ̀ ní ọdún 1954. Kò fi àyè kankan sílẹ̀ lófo. Ewé wà lórí ewé, ojú wà nínú ewé, ẹ̀dá tí ó ní orí púpọ̀ ń yọ láti inú ìtàkùn. Òun náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ara wọn kí àwòrán lè ní ìpele. Àwọn kan rò pé àìkọ́ òfin jíjìnnà àti sísúnmọ́ ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dúró láàrin igbó rí yóò mọ̀ pé bí ojú ti ń rí i níbẹ̀ ni ó yà á: kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn, bíbo ara ẹni mọ́lẹ̀ àti yíyọjú ni ó wà.

Èdè wa pàápàá ti múra sílẹ̀ fún irú ojú bẹ́ẹ̀. Dúdú, pupa àti funfun ni ìpìlẹ̀ àwọ̀ láàrin àwọn Yorùbá. Ewé tí ó sanra ni a ń pè ní dúdú minimini. Aró pẹ̀lú, dúdú ni. Ọmọ ilé-ìwé a máa rò pé àìtó ni èyí nítorí pé kò rí orúkọ kan ṣoṣo fún àwọ̀ ewé nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́. Kí olùkọ́ mú un lọ sábẹ́ igi ńlá kí ó wò ó. Yóò rí i pé ewé kan náà yàtọ̀ ní òwúrọ̀ sí ọ̀sán, àti pé dídán, rírẹ̀ àti jíjinlẹ̀ àwọ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀. Ìyẹn ni minimini ń sọ.

GBÈSÈ TÍ Ó WÀ LỌ́RÙN

Ère kò lè ṣọ́ ohun gbogbo. Láti nǹkan bí ọdún 2020 ni ìwakùsà góòlù ní apá òkè odò, ní agbègbè Iléṣà, ti ń sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kìlọ̀ fún àwọn tí ń wá sí ọdún pé kí wọ́n má mu omi náà mọ́. Odò a máa ṣàn wá láti ibi tí igbó kò lè dé, ìdọ̀tí a sì máa bá a wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Àwórì. Ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, Ọ̀jọ́, Ìbá àti Okokomaiko, ilẹ̀ àbàtà àti ọ̀sà ni: ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, àgbọn lápá òkun, àti igi tí ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀. Láàrin ogójì ọdún ó lé díẹ̀, ilé ìjọba dé Ìbá, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, ọjà Alábà gbòòrò, ọ̀nà Bádágírì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ní ọdún 2009 sì gba àárín wọn kọjá. Ohun rere wà nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kù nínú àbàtà náà ń dínkù, kò sì tí ì ní olùṣọ́ bí ti Òṣogbo. Àbàtà Àwórì kò jọ igbó Ọ̀ṣun: ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ni, láti ojú omi, nítorí náà ọgbọ́n mìíràn ni yóò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò yà á. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ní pẹ́ńsùlù àti ìwé kan lè bẹ̀rẹ̀. Kò sí igi tí a ti fi ojú wò dáadáa tí ó rọrùn láti gé bí èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí.

Àwọn baba wa wí pé bí a bá ń gé igi nígbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ọ̀rọ̀ yìí bá agégi wí, ó bá ayàwòrán wí pẹ̀lú. Ẹni tí ó mú àwòrán jáde láti inú igbó ti jẹ nínú igbó. Rousseau fi ìwé ẹ̀bẹ̀ san tirẹ̀. Àdùnní àti àwọn bíríkìlà Òṣogbo fi sìmẹ́ńtì àti ọjọ́ ayé wọn san tiwọn. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ; iṣẹ́ ọnà tí ó bá gbàgbé igbó tí ó ti ṣẹ̀ wá kò ní ṣàìgbẹ bákan náà.